Ẹ má wo géètì, fámásì ni kí ẹ wò: àyẹ̀wò iṣẹ́ ọsibítù ìjọba ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọsibítù ìjọba kan ṣe rí, kó má dúró wo géètì. Géètì a máa dára. Ọ̀dà tuntun a máa wà lára ògiri, orúkọ gómìnà tó ṣí ilé náà a sì wà lára òkúta. Fámásì ni kó gbà lọ ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán Ọjọ́rú, kó béèrè oògùn mẹ́ta péré: oògùn ibà artemether-lumefantrine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru amlodipine, àti abẹ́rẹ́ oxytocin tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, tí fìríìjì tí abẹ́rẹ́ yẹn wà sì tutù, ọsibítù nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ "O/S", ìyẹn ni pé oògùn ti tán, sí etí ìwé, tí wọ́n ní kí ẹ lọ rà á níta, ilé lásán ni, bó ti wù kó ga tó.

Ohun tí a fi wọn iṣẹ́ ọsibítù ìjọba nínú àyẹ̀wò yìí nìyẹn. A ò dárúkọ ọsibítù kankan sí àléébù kankan, torí ohun tó ń ṣe ti Àkúrẹ́ ló ń ṣe ti Oǹdó, ẹni tó bá sì ti gbé aláìsàn lọ rí yóò dá a mọ̀. Inú ń bí ará ìlú, ó sì yẹ kó bí wọn. Ṣùgbọ́n orí nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà nítòsí ni ìbínú náà máa ń já lé, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ni nǹkan ti ń wó.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aláìsàn kan tí ibà ń ṣe, ẹni tuntun, tó dé ní agogo méje àárọ̀. Yóò kọ́kọ́ tò níbi káàdì, wọn yóò ní kó lọ sanwó, yóò tò níbi owó, yóò mú rìsíìtì padà síbi káàdì kí wọ́n tó ya fáìlì fún un. Nọ́ọ̀sì yóò wọn ìfúnpá rẹ̀, ìgbóná ara rẹ̀ àti bó ṣe wúwo tó. Yóò jókòó de dókítà. Dókítà yóò kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, yóò gbé ìwé yẹn lọ sí láàbù kí wọ́n kọ iye owó sí i, yóò padà síbi owó, yóò tún mú rìsíìtì dé láàbù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Bí èsì bá jáde, ọ̀dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà yóò kọ oògùn, fámásì yóò ṣírò owó rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò tún forí lé ibi owó, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá gba oògùn. Ẹ kà á: ìgbà méjìlá ló dìde lórí bẹ́ǹṣì nítorí ibà ẹyọ kan, ìgbà mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ síwájú fèrèsé owó kan náà.

Ara líle ló lè rin irú ìrìn yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, kò lè rìn ín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ọmọ tàbí àbúrò tó ń sáré kiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. A fún ìrìn-ìwé yìí ní máàkì ọ̀kan nínú márùn-ún, ibẹ̀ ló sì dùn wá jù, torí àtúnṣe rẹ̀ kò gba ilé tuntun. Bí ẹ̀rọ POS kan bá wà níbi káàdì, òmíràn ní láàbù, òmíràn ní fámásì, tí gbogbo owó ń lọ tààrà sínú àpò ìjọba, ìgbà méjìlá yẹn yóò di mẹ́fà. Àwọn kan á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní síìmù ilé-iṣẹ́ méjì nínú.

Kó tó di pé wọ́n tún un ṣe, ohun tí a lè sọ fún ẹni tó ń lọ lọ́la ni pé kó má dá lọ. Kí ẹni tó ń sáré ìwé yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Kó mú owó lọ́wọ́ pẹ̀lú káàdì báńkì, torí ìgbà mìíràn ọ̀kan nínú méjèèjì kò ní ṣiṣẹ́. Kó kó páálí gbogbo oògùn tó ń lò nílé dání, títí kan àgbo tó bá ń mu. Dókítà tí kò mọ̀ pé aláìsàn ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lè kọ oògùn tí yóò bá a jà nínú. Bí wọ́n bá ti ní àyẹ̀wò ṣúgà tààárọ̀ ni, kó má jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ṣáájú, omi lásán nìkan ni kó mu. Kó má fi owó lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì, bó ti wù kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín sí i tó.

Fáìlì ńkọ́? Ìwé ni, lórí pẹpẹ, nọ́ńbà káàdì sì ni wọ́n fi ń tò ó. Bí káàdì bá sọnù, orúkọ ni wọn yóò fi wá a, Adébáyọ̀ àti Ògúnlẹ́yẹ tó wà nínú ìwé ńlá náà kò sì lóǹkà. Bó bá pẹ́, wọn yóò la tuntun. Níbẹ̀ ni ewu wà: dókítà tó gba fáìlì tuntun kò ní rí i pé penisílíìnì kì í bá ara aláìsàn yìí mu, kò ní rí i pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya fọ́tò káàdì yín sórí fóònù, kí ẹ sì ya èsì àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi sínú fáìlì.

Ní ti dókítà àti nọ́ọ̀sì, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tí a yọ jẹ́ ti ohùn líle tí àwọn kan fi ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn dára, wọ́n kàn kéré, wọ́n sì ń dín kù ni. Ọ̀pọ̀ ti jápá lọ sí Ìlú Ọba, Kánádà àti Sáúdí, ẹni tó kù sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Nígbà tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àmọ̀dájú, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2021, ọjọ́ 63 ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà. Owó oṣù tí ìjọba jẹ wọ́n wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, Àbújá níbí ni àwọn olórí Áfíríkà ti fẹnu kò pé naira 15 nínú gbogbo 100 tí ìjọba bá fẹ́ ná yóò jẹ́ ti ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí nínú ìsúná ìjọba àpapọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn èyí nínú àyẹ̀wò yìí, gbòǹgbò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó yá, fámásì. Méjì nínú márùn-ún.

Oògùn inú ọsibítù ìjọba kì í ṣe ọ̀fẹ́; ètò owó tó ń yípo ni. Wọ́n fi owó kan ra oògùn àkọ́kọ́, èrè díẹ̀ gun orí rẹ̀, owó tí aláìsàn san ni wọn yóò fi ra òmíràn. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà kú. Èkíní, kí ẹnì kan ṣí owó náà ná lórí dísùúlù jẹnẹrétọ̀ tàbí lórí àtúnṣe ọkọ̀, pé wọn yóò dá a padà. Èkejì, kí ìjọba jẹ fámásì lówó oògùn tí wọ́n fún àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọjà tó gbówó lórí láàárín rírà àti títà: owó páálí mẹ́wàá lánàá kò ra ju mẹ́fà lọ lónìí, tó bá sì tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò ku mẹ́rin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lẹ́yìn tí naira já ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, tí Augmentin, oògùn apakòkòrò, àti Ventolin, oògùn asthma, fi di ohun tí à ń fi ojú wá. Ẹni tí asthma ń ṣe mọ ohun tí à ń wí.

Nígbà tí oògùn bá wọ́n, aláìsàn yóò ní kí wọ́n já díẹ̀ nínú rẹ̀ fún òun. "Ẹ bá mi já méjì nínú ẹ̀, màá padà wá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ́pọ̀ níwájú fèrèsé fámásì, ó sì ń pani. Oògùn ibà kò ṣeé já. Àgbàlagbà tó wúwo tó kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, hóró artemether-lumefantrine 24 ni yóò lò bó bá jẹ́ onípò 20/120, nọ́ńbà tó wà lára páálí: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rin lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ 80/480, hóró mẹ́fà péré ni, ẹyọ kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn. Ọmọ tó wà láàárín kílò 5 sí 15 yóò lo ẹyọ kan nínú 20/120 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, 15 sí 25 méjì, 25 sí 35 mẹ́ta. Oúnjẹ tó ní ọ̀rá ni kí wọ́n fi jẹ ẹ́, àkàrà, ẹ̀wà elépo tàbí mílíìkì, torí ọ̀rá ló ń gbé lumefantrine wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó fi omi lásán gbé e mì tí ibà sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ebi ló fi lò ó.

Ayédèrú náà wà o. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra oògùn níta, ẹ wá fámásì tí ìwé-àṣẹ apòògùn wà lára ògiri rẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Ẹ fi kẹ́mísì etí títì sílẹ̀ bó bá di ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò a máa ní ibi tí wọ́n ń fi ẹyọ owó ha lára páálí. Nọ́ńbà á jáde níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èsì á sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ ha á níwájú ẹni tó tà á ni, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá délé kí ẹ tó ha á, ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn.

Wọ́ọ̀dù ìbímọ ni ibi tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi hàn rí pé nǹkan lè yí padà. Ní ọdún 2009 ni ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ, nígbà Gómìnà Mímikò. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe ẹ̀ṣọ́ ìlera lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn aláboyún tó ń tọ̀ dé ilé. Ní 2010 ni ọsibítù ìyá àti ọmọ ṣílẹ̀kùn ní Àkúrẹ́, tí aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá bímọ níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí aláboyún ti ń pẹ́: ṣé ilé ni, ṣé ojú ọ̀nà ni, ṣé inú ọsibítù fúnra rẹ̀ ni, tàbí ìgbà tí wọ́n ń gbé e láti ibì kan sí òmíràn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n dojú kọ. Lẹ́yìn náà ni owó tún wọ ọ̀rọ̀ náà, ìrántí ọ̀fẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó ń mú inú bí àwọn ìyá títí dòní.

Lónìí, fìríìjì la fi ń wọn wọ́ọ̀dù ìbímọ. Abẹ́rẹ́ oxytocin, yúnìtì 10, ni kí wọ́n gún sí itan ìyá láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ bá ti jáde, kí ilé-ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ya. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n òtútù ni kó máa gbé. Bí BEDC bá mú iná lọ ní alẹ́ Jímọ̀ tí wọn ò dá a padà títí di Ọjọ́ Àìkú, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ní dísùúlù, ooru Àkúrẹ́ ní oṣù kẹta yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ agbára rẹ̀. Ẹ gbé ìgò kékeré náà sókè síwájú iná: omi ni, ó mọ́ kedere. Èyí tó bàjẹ́ náà mọ́ kedere. Nọ́ọ̀sì yóò gún un pẹ̀lú ìgbàgbọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá, wọn yóò sì máa wí pé bóyá obìnrin náà ló ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti tó ìdajì lítà ti di ewu, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà kó tó di lítà kan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára sábà máa ń lo sólà. Wọ́n lè ya igun kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún oxytocin, kí wọ́n kọ orúkọ sí i gàdàgbà. Kí tẹmómítà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tó bá fi hàn sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ìwé yẹn sì wà lára ìlẹ̀kùn fìríìjì níbi tí ojú á ti tó o. Kí misoprostol wà ní ìpamọ́, torí ooru kì í tètè bà á jẹ́ bó bá ṣì wà nínú ìdìpọ̀ rẹ̀. Hóró mẹ́ta onípò 200 ni wọ́n ń lò níbi tí oxytocin kò bá sí. Aláboyún tó bá lọ fún àyẹ̀wò lè béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ẹ ń tọ́jú abẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń gún lẹ́yìn ìbímọ?" Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú; yóò mú yín lọ wò ó.

Kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, kí ẹni méjì tó lè fún aláboyún ní ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí wọ́n ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ yóò fún yín ní páìǹtì kan bí ẹnì kan bá fi tirẹ̀ dípò, wọn yóò sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, hepatitis B, hepatitis C àti syphilis. Ọkùnrin tó ti fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́ta, obìnrin oṣù mẹ́rin, kó tó tún fúnni. Nígbà tí wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà kígbe béèrè, àwọn ènìyàn sì jáde wá. Ìfẹ́ yẹn wà lára wa. Pẹpẹ tí ẹ̀jẹ̀ yẹ kó wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìjàm̀bá ló máa ń ṣófo.

Káàdì adójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní NHIS bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di NHIA látìgbà tí òfin tuntun jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, a fún un ní mẹ́ta. Ẹni tó ní in sàn ju ẹni tí kò ní in lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà lórí káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ló sì yẹ kí ẹ san. Ibi tó ti ń ṣẹ́ ni owó tí wọ́n ń san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọsibítù tí ẹ yàn ń gba iye kan lórí yín lóṣooṣù, ẹ ṣàìsàn o, ẹ ò ṣàìsàn o. ₦750 ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Lásìkò ₦750, owó yẹn kò ra oògùn ibà kan, ìdí nìyẹn tí fámásì fi máa ń sọ fún oníkáàdì pé oògùn ti tán, kí ẹni tó mú owó lọ́wọ́ sì rí i gbà. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì pe nọ́ńbà HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó káàdì yín, tó wà lẹ́yìn káàdì níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò.

Bí ó bá sì di pé kí wọ́n darí yín lọ sí ọsibítù ńlá, kóòdù ni ọsibítù náà ń dúró dè láti ọ̀dọ̀ HMO. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan tàbí méjì lè kọjá lórí rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, NHIA ti pàṣẹ pé wákàtí kan péré ni HMO ní. Ẹ kọ aago tí wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sílẹ̀. Bí wákàtí yẹn bá kọjá, ẹ sọ ọ́ fún ọ́fíìsì NHIS inú ọsibítù kí wọ́n fi tó NHIA létí, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ẹ gbé dé nínú ìjàm̀bá, tí wọ́n ní ẹ mú owó àsansílẹ̀ wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin Ìlera ti 2014, abala 20, sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin ti 2017 sì sọ pé ẹni tí ìbọn bá bà, wọn kò gbọ́dọ̀ dúró de ìwé ọlọ́pàá. Ẹ dárúkọ òfin náà jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ béèrè dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ariwo kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ohun tí ènìyàn ò tíì lò tó ni ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù ìdìbò wọn, èyí tí à ń pè ní bésíìkì. Ibà tí kò tíì le, àjẹsára ọmọ, àyẹ̀wò oyún tí kò ní ìṣòro, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àjẹsára jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ìjọba àpapọ̀ kan tún wà tó yẹ kó máa dé ibẹ̀: òfin 2014 yẹn kan náà ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀, àwọn bésíìkì tí wọ́n yàn nínú wọ́ọ̀dù sì ni ètò náà ń lò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀ bóyá tiyín ni wọ́n yàn, àti bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn tí kò ní lọ́wọ́ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́.

Bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ, ẹ má fi mọ sí ṣíṣépè lójú ọ̀nà. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní tábìlì SERVICOM, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn. Ti ìpínlẹ̀, ọ̀gá àgbà ọsibítù ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ọsibítù ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ojú ewé kan ti tó: ọjọ́ tí ẹ lọ, aago tí ẹ dé, aago tí ẹ rí dókítà, orúkọ oògùn tí wọ́n ní kò sí, iye tí ẹ rà á níta, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì méjèèjì tí ẹ fi pín-ín-nì so mọ́ ọn.